Ojú irin tóóró ní Wales: èwo ni kí n lọ wò lóṣù Keje?

Àdìsá Òkè-Ìmálè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Birmingham lóṣù Keje, físà mi sì ti jáde, Alihamudulilahi. Tí ayẹyẹ bá parí, màá ní àyè díẹ̀ kí n tó padà sílé. Àwọn ará ilé ní London ni kí n lọ, kí n lọ ya fọ́tò níwájú ààfin ọba. Èmi tí mo dàgbà sí Ìlọrin, kí ni mo tún ń wá níwájú ààfin?

Ohun tí ọkàn mi fẹ́ ni àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, àwọn tó ń jó èédú tí wọ́n ń tú èéfín, tí ojú irin wọn tóóró. Mo gbọ́ pé Wales ni wọ́n pọ̀ sí. Mo kà nípa wọn títí, orúkọ wọn pọ̀, ahọ́n mi ò sì gbà á. Ẹni tó bá ti débẹ̀, kó là mí lọ́yẹ̀. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n á kàn fi gbé èèyàn yípo ọgbà kan o. Mo fẹ́ ibi tí màá ti sún mọ́ ẹ́ńjìnì, tí màá bá ẹni tó ń wà á sọ̀rọ̀.

Káríìmù Gèrí-Àlímì

Ẹ̀gbọ́n, owó ń yọ yín lẹ́nu ni. Ojú irin wà ní Ìlọrin ńbí, ó gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Òṣogbo, ta ló rí yín níbẹ̀ rí? Ẹ wá fẹ́ fi pọ́n-ùn ra èéfín. Tó bá jẹ́ èéfín lẹ ń wá, ẹ yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sun ẹran ní Ìpàtà, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Láyọ̀ (ọmọ Òmù-Àrán, Manchester)

Káríìmù, fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ jàre 😂

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ọ̀dọ̀ wa ò jìnnà púpọ̀ sí àríwá Wales, àwọn ọmọ mi sì fẹ́ràn ọkọ̀ yìí débi pé ẹ̀rùn tó bá dé, ibẹ̀ náà ni. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa lọ, Ffestiniog ni. Ó ń gbéra ní Porthmadog létí òkun, ó ń gun òkè lọ sí Blaenau Ffestiniog, máìlì 13 àti ààbọ̀. 1836 ni wọ́n ṣí i. Kì í ṣe èèyàn ni wọ́n ṣe é fún o, síléètì ni, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wà nínú òkè, tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Fífẹ̀ ojú irin rẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ bàtà 2.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ẹ́ńjìnì tó dé. Wọ́n tẹ́ ojú irin náà kó máa rọra dà sílẹ̀ láti orí òkè títí dé etí òkun. Wọ́n á di síléètì kún inú wágùnù, wọ́n á tú búrẹ́ẹ̀kì, ìwúwo ẹrù náà ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹṣin ló ń fa òfìfo padà sókè. Tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹṣin náà ní wágùnù tirẹ̀ lẹ́yìn, á dúró sínú rẹ̀, á máa jẹ koríko lọ. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ní ẹṣin leégún ilé yín, ẹ sọ fún mi, ta ló fi ẹṣin wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú yín?

1863 ni ẹ́ńjìnì onísítíìmù débẹ̀. Prince wà lára àwọn ti ọdún yẹn, ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn di òní.

Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ ní Porthmadog, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí. Apá ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àfonífojì nísàlẹ̀.

Bàbá Gáàdì Ọ̀fà

Mo kí gbogbo yín. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fẹ́ kí Káríìmù mọ̀ pé ojú irin tó ń sọ yìí, tóóró ni òun náà. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6 ni, mílímítà 1067. Èyí tí wọ́n ń lò jù láyé jẹ́ mílímítà 1435, irú rẹ̀ sì ni ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Àwọn òyìnbó tó ṣe tiwa ń ṣọ́ owó ná. Tí ojú irin bá tóóró, òkè tí wọ́n máa gbẹ́ á kéré, afárá á kéré, ọkọ̀ á sì lè ká kọ́nà tó bá mú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ibẹ̀ ni Odò Ọya ti dá wọn dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé wágùnù sọdá títí wọ́n fi parí afárá ní 1916.

Ti Wales tí Àdìsá ń bi wá yìí, ó tún tóóró ju tiwa lọ. Irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ yìí rí. Ní Èkó, tíráàmù onísítíìmù (ọkọ̀ ojú irin kékeré àárín ìlú) ń gba Ìdó sọdá sí Erékùṣù, láti 1902 títí di 1933. Èkejì ni ti Bauchi, láti Zaria lọ sí Bukuru, nítorí kùsà orí òkè Jọ́ọ̀sì. 1957 ni wọ́n pa á tì. Ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 6 ni méjèèjì.

Músítáfà Àjàṣẹ́-Ìpo

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n tó kó wa bọ̀ wálé. Wọ́n gbé ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńjìnì Bauchi yẹn sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì. Kò lè rìn mọ́, àmọ́ èèyàn lè fọwọ́ bà á. Ẹni tó bá mọ èyí tó ń gba Ìlọrin kọjá, tó bá rí ìyẹn, á rò pé ọmọ rẹ̀ ni.

Lánre Èrin-Ilé

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Yunifásítì Ìlọrin ni mo wà, ẹ́ńjíníà ni mò ń kọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ wa ní ti sítíìmù lọ títí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ẹ́ńjìnì tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń ká kọ́nà lórí irin tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 2? Àti pé kí ni fáyàmáànù ń ṣe gan-an, yàtọ̀ sí kó máa da èédú síná?

Bàbá Gáàdì Ọ̀fà

Ọmọ mi, o ṣeun. Gáàdì ni mo fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ inú ṣẹ́ẹ̀dì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, à ń nu ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì tó ń lo epo dísù ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nígbà yẹn, èyí tó kù nínú onísítíìmù ni wọ́n kó fún àwa ọmọ kéékèèké ká máa nù.

Ìdí bọ́ílà, àgbá irin tí omi ń hó nínú rẹ̀, ni iná wà, nínú àpótí irin. Ooru iná náà ń gba inú ọ̀pọ̀ páìpù lọ síwájú, omi ló sì yí àwọn páìpù náà ká. Omi yẹn á hó, á di sítíìmù, kò sì ní ibi tó máa gbà. Tí dírẹ́bà bá ṣí ọ̀nà fún un, á wọ sílíńdà, á ti písítìnì, ọ̀pá irin á gba agbára yẹn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yí. Kò tíì parí iṣẹ́ o. Nígbà tó bá ń jáde, inú ihò èéfín ni wọ́n ń darí rẹ̀ gbà, bó sì ṣe ń fẹ́ jáde ló ń fa atẹ́gùn gba inú iná. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni iná rẹ̀ ṣe ń ràn tó. Fàkàfíkì tí gbogbo yín ń fẹnu ṣe ní kékeré, ìró èyí tó ń jáde yẹn ni.

Ọ̀rọ̀ fáyàmáànù wá kù. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú rẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Ibi tí omi bá dé nínú gíláàsì ni omi dé nínú bọ́ílà. Ó lè gbàgbé oúnjẹ rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbàgbé gíláàsì yẹn. Tí omi bá lọ sílẹ̀ tí orí àpótí iná bá wà lásán, irin ibẹ̀ á rọ̀, bọ́ílà lè bú, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò ní sọ ìtàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń lu ihò kan sórí àpótí yẹn, tí wọ́n fi òjé dí àárín rẹ̀. Òjé ló máa kọ́kọ́ yọ́, omi àti sítíìmù á ya lu iná. Ojú ọ̀nà olókè ló wá burú jù. Tí ọkọ̀ bá dórí òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, omi inú bọ́ílà á sún síwájú, ẹ̀yìn níbi tí iná wà á gbẹ. Fáyàmáànù tó mọṣẹ́ ti fi omi kún un kó tó dé ṣóńṣó òkè náà.

Ní ti kọ́nà, Ìyá Láyọ̀ ti rí i lójú, kó sọ fún ọ.

Ìyá Láyọ̀ (ọmọ Òmù-Àrán, Manchester)

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Mo ti rí gíláàsì yẹn tó, mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú rẹ̀.

Lánre, ẹ́ńjìnì olórí méjì wà ní Ffestiniog, Fairlie ni wọ́n ń pè é. Bọ́ílà méjì kọ ẹ̀yìn síra wọn, iná wà láàárín, ihò èéfín kan níwájú, kan lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sọ́nà méjì lábẹ́, èyí tó wà níwájú lè yà sí kọ́nà kí ti ẹ̀yìn tó yà. Dírẹ́bà wà lápá kan, fáyàmáànù lápá kejì, àpótí iná ló là wọ́n láàárín, wọn ò lè kọjá sọ́dọ̀ ara wọn. 1869 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀ jáde, Little Wonder. Merddin Emrys tí wọ́n kọ́ ní 1879 ṣì wà, nígbà tí David Lloyd George jẹ́ ti 1992, nínú ṣẹ́ẹ̀dì wọn níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Porthmadog náà ni òmíràn ti ń gbéra lọ sí Caernarfon, Welsh Highland, máìlì 25. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní Garratt ló ń fa ìyẹn, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n sì ti lọ kó wọn wá.

Bàbá Gáàdì Ọ̀fà

Garratt! Ó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí náà. Bọ́ílà kan ṣoṣo ni tirẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sáàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ńlá ni.

Ìyá Láyọ̀ (ọmọ Òmù-Àrán, Manchester)

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti ń sún mọ́ òkè, ẹ má sùn o. Wọ́n ń pe ibì kan ní Dduallt, ojú irin náà yípo níbẹ̀, ó gba orí ara rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n ṣe dórí ìyẹn ni pé wọ́n ti pa ọ̀nà náà tì ní 1946. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà á, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 1955, díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àárín ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wá ní òun fẹ́ ṣe adágún omi sórí ọ̀nà wọn gan-an. Ará Jẹ́bà àti Kàǹjí mọ bó ṣe máa ń rí tí dáàmù bá ń bọ̀. Omi bo ojú irin. Àwọn èèyàn yìí ò gbà. Láti 1965 ni wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ òkè, olùkọ́, akọ̀wé, ọmọ iléèwé, ẹni tó bá ti ráyè lópin ọ̀sẹ̀. 1982 ni ọkọ̀ tó tún dé Blaenau. Kò sẹ́ni tó sanwó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ti rí i. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì yín lè jẹ́ dókítà tó wá lo ìsinmi rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kàn bi í ní ìbéèrè kan, ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.

Àdìsá Òkè-Ìmálè

Ìyá Láyọ̀, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Bàbá, mo ti ka ọ̀rọ̀ bọ́ílà yẹn sétí ìyàwó mi, ó ní kí n má sún mọ́ ibẹ̀ mọ́ 😂

Ìbéèrè kan kù. Láti Birmingham, ṣé ọ̀nà náà tààrà? Mi ò ní wa mọ́tò níbẹ̀ o.

Ìyá Láyọ̀ (ọmọ Òmù-Àrán, Manchester)

Ó tààrà. Ọkọ̀ ojú irin ńlá kan náà ló ń ti Birmingham lọ sí etí òkun Wales, tó bá ti wọ Wales, Welshpool ló máa kọ́kọ́ kàn. Ẹ ṣọ́ra ní Machynlleth, ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń já sí méjì: apá kan ń lọ sí Aberystwyth, apá kejì ń gba Tywyn àti Porthmadog lọ sí Pwllheli. Ẹ bi gáàdì kí ẹ tó jókòó. Èmi mọ ẹni tó sùn lọ, tó jí sí Aberystwyth. Kò kúkú pàdánù, ojú irin tóóró wà níbẹ̀ náà, Vale of Rheidol, ti 1902.

Welshpool tí mo dárúkọ yẹn, n kò fẹ́ kí ẹ kọjá rẹ̀. Ojú irin tóóró kan wà níbẹ̀ tó ń lọ sí Llanfair, máìlì 8 àti ààbọ̀, ó gbéra ní 1903. Òkè rẹ̀ ò tó ti Ffestiniog, ọgbà àgùntàn ló ń gbà. Àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 6 ni òun, fífẹ̀ ojú irin tí Bàbá ní ó wà ní Èkó àti Bauchi. Sàró náà lò ó. Nígbà tí ìjọba Sàró pa rélùwéè wọn tì ní 1974, àwọn ará Welshpool ra ẹ́ńjìnì kan lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà 85, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1954, pẹ̀lú kóòṣì mẹ́rin. 1975 ló dé Wales. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n gbé 85 sí, wọ́n á mú yín lọ. Láti ibùdókọ̀ ńlá dé tiwọn jẹ́ bíi máìlì kan, ẹsẹ̀ lè rìn ín.

Káríìmù Gèrí-Àlímì

Ẹ dúró ná. Ẹ́ńjìnì Sàró ni òyìnbó kó lọ, ẹ̀gbọ́n wa tún máa wọkọ̀ òfuurufú tẹ̀ lé e, á sanwó kí wọ́n tó fi hàn án? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń gbọ́ ara yín ṣá?

Ìyá Láyọ̀ (ọmọ Òmù-Àrán, Manchester)

Wọ́n rà á ni, wọn ò jí i. Wọn kò sì kó gbogbo rẹ̀. Ní Freetown, ní Cline Town, àwọn tó kù wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ogun jà kọjá lórí wọn, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń sùn láàárín wọn. 2005 ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kóòṣì tí wọ́n ṣe de Ọbabìnrin Elizabeth fún àbẹ̀wò 1961 wà níbẹ̀. Freetown ò tó Wales jìn, Káríìmù, lọ síbẹ̀.

Bàbá Gáàdì Ọ̀fà

Káríìmù, ìbínú rẹ ní ìdí, ṣùgbọ́n bi mí léèrè ibi tí tiwa wà. Ojú mi ni wọ́n ṣe fi iná gé wọn. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló dọ́wọ́ lé wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n ní tọ́ọ̀nù. Ẹ́ńjìnì tí a fi òwú nù títí tí a fi ń rí ojú wa nínú rẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn àpótí iná rẹ̀ nílẹ̀, ẹnì kan ń fi dínà ìdọ̀tí.

Káríìmù Gèrí-Àlímì

Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ó dáa, ká gba bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹnì kan ò lè ṣe irú rẹ̀ níbí? Ká ní ẹ́ńjìnì kan ń ti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà lọ́jọ́ ọdún. Afárá wà níbẹ̀, Odò Ọya wà níbẹ̀, òkúta ìrántí Mungo Park wà níbẹ̀. Èmi gan-an á sanwó.

Bàbá Gáàdì Ọ̀fà

Ẹ́ńjìnì kọ́ ló ṣòro jù. Ní Eritrea, ogun tú ojú irin wọn ká, ti Massawa sí Asmara, wọ́n ń fi irin rẹ̀ ṣe ibi ìfarapamọ́ sójú ogun. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n pe àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì padà, àwọn yẹn ló tún un tẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n sì dáná sí ẹ́ńjìnì tí àwọn ará Ítálì fi sílẹ̀. Ìmọ̀ náà ṣì wà lára èèyàn. Níbí, àwọn tó mọ bọ́ílà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń jẹ sààráà wọn. Ìjọba ni gbogbo yín sì ń wojú. Talyllyn, ojú irin tóóró tó wà ní Tywyn ní Wales, ẹni tó ni ín kú ní 1950, àwọn èèyàn lásán ló para pọ̀ gbà á ní 1951, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbikíbi láyé ṣáájú ìgbà yẹn. Wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ojú irin Jẹ́bà, ẹrù ló yẹ kó máa gbé, mi ò ní kí wọ́n fi ṣeré. Ẹ jẹ́ kí a rí àgbàlá kan, ojú irin tí kò ju ilé sí ilé lọ, ká kọ́ ọmọ bíi mẹ́rin níṣẹ́.

Lánre Èrin-Ilé

Bàbá, ẹ kọ orúkọ mi sí i. Ọ̀fà ò jìnnà sí wa, tí mo bá wálé lópin ọ̀sẹ̀ màá wá kí yín, ẹ fi ìwé àtijọ́ yín hàn mí.

Bàbá Gáàdì Ọ̀fà

Wá. Mú bíírò dání, ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn.

Àdìsá Òkè-Ìmálè

Mo ti pinnu. Màá kí Jímọ̀ ní Birmingham, màá gbéra láàárọ̀ Sátidé, Welshpool ni màá kọ́kọ́ yà nítorí ẹ́ńjìnì Sàró yẹn, lẹ́yìn náà Porthmadog. Tywyn á dúró de ìgbà mìíràn. Bàbá, ṣé ẹ ní ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí n bi fáyàmáànù wọn?

Bàbá Gáàdì Ọ̀fà

Bi í pé èédú ibo ló ń jó. Wales tó fi èédú rẹ̀ wa ọkọ̀ gbogbo ayé, mo gbọ́ pé ibi ìwakùsà ńlá tó kù fún wọn, Ffos-y-Fran, ti palẹ̀ mọ́ ní 2023, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á báyìí. Ti Ẹnúgù ni àwa jó. Bi í bóyá èyí tí wọ́n ń rà yìí ń gbóná tó ti tẹ́lẹ̀, àbí eérú rẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ fáyàmáànù gidi, ọ̀rọ̀ yẹn á dùn ún, á sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Láyọ̀ (ọmọ Òmù-Àrán, Manchester)

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Ffestiniog sílẹ̀, oṣù Keje máa ń kún. Àti pé jalabíà funfun tí ẹ máa fi kí Jímọ̀ yẹn, ẹ ká a sínú àpò. Tí ẹ bá jókòó sí kóòṣì tó sún mọ́ ẹ́ńjìnì tí ẹ ṣí fèrèsé, eruku èédú á rọ̀ sí yín lára, omi àti ọṣẹ kì í tètè mú un.

Káríìmù Gèrí-Àlímì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe fídíò gíláàsì omi yẹn fún mi. Tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ o, kì í ṣe tó bá dúró.